Ìtàn Ogun láti Ẹnu Ẹni tí ó Lọ: Àyẹ̀wò Ìwé Isaac Fadoyebo

Kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ orúkọ Àlùfáà Samuel Johnson, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí òǹkàwé dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, níbi tí ó ti sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti gba ohun tí ó kọ. Ó ní ti ìgbà láéláé, ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni òun ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún wá, ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn ni òun lọ. Ó dárúkọ Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ó sì yìn ín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ìtàn dájú. Johnson kì í ṣe ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra kọ ìtàn ogun. Nígbà tí ogun Kírìjí ń lọ lọ́wọ́, òun wà lára àwọn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan dé èkejì, ó sì bá àwọn jagunjagun sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú ọgbẹ́ wọn kò tí ì jinná.

Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí a lè tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó tún un kọ, ó sì fi í ránṣẹ́ ní 1916; ṣùgbọ́n Appam, ọkọ̀ òkun tí ó gbé e, bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Jámánì lójú agbami, wọ́n sì darí rẹ̀ gba Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Kì í ṣe láti fi ìrìn àjò ìwé dá òǹkàwé wa lára yá ni a fi sọ èyí. A sọ ọ́ nítorí pé ó fi hàn bí okùn tí ó so ẹnu àgbà mọ́ ojú ìwé ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Lágúnjú kò ní sí mọ́ láti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún Obadiah.

Síbẹ̀, àwọn àgbà ogun Ìjàyè àti ti Kírìjí rí ẹni béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní ìgbà yìí ni bí ọ̀ràn ti rí fún àwọn tí ó lọ sí ogun lẹ́yìn wọn, ní pàtàkì ogun 1939 sí 1945, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà, àti apá kan rẹ̀ tí ó gbé àwọn ọmọ wa dé ilẹ̀ Bọ́mà. Ìwé ẹnìkan ṣoṣo ni a ó gbé lé orí tábìlì, nítorí pé a kò ní púpọ̀ tí a lè gbé.

Nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 8,000 lọ. Kí ó tó parí wọ́n ti tó nǹkan bí 146,000, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí ó ti Nàìjíríà wá. Àwọn tí ó rékọjá òkun lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà sún mọ́ 90,000. Ẹgbẹ́ Ogun 81, tí ó kọ́kọ́ lọ, wọ àfonífojì odò Kaladan níbi tí ọ̀nà kò sí. Wọ́n fi àdá àti ọkọ́ la ọ̀nà tí ó tó máìlì 75 kọjá lórí àwọn òkè, ẹrù sì ti orí ọkọ̀ bọ́ sí orí ènìyàn. Ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ti wà nínú ìwé. Charles Carfrae, ọ̀gá ológun kan tí ó darí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, kọ tirẹ̀ ní 1985. John Hamilton, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá ní Ẹgbẹ́ Ogun 81, kọ tirẹ̀ ní 2001. A kò bá wọn jà. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí láti ibi tí wọ́n dúró sí, ó sì sàn kí wọ́n kọ ọ́ ju kí wọ́n dákẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ kì í rí ọ̀nà bákan náà pẹ̀lú ẹni tí ń ka máàpù, àwọn baba wa sì ti sọ pé ẹnu oníkàn ni a ti í gbọ́ pọ̀ún.

Isaac Fadoyebo jẹ́ ọmọ Emùré-Ilé, ìlú kékeré kan ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀. Ní 1942, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta, láìbi bàbá, láìbi ìyá. Wọn kò fi í ṣe oníbọn; ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n yàn án sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní etí odò Kaladan pẹ̀lú ẹrù ìwòsàn wọn nígbà tí àwọn ará Jàpáànù tí ó lúgọ dè wọ́n da ìbọn bò wọ́n. Ọta bà á ní ẹsẹ̀, egungun rẹ̀ sì fọ́. Ọta bà á ní ìhà ikùn pẹ̀lú. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀, àwọn mìíràn kú ní àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e. Àwọn méjì ni ó kù nínú igbó náà: òun, àti David Kargbo, ọmọ Sàró láti ilẹ̀ Sierra Leone. Ogun ti ṣí kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Àwọn àgbẹ̀ abúlé tí ó wà nítòsí ni ó ń gbé ìrẹsì àti omi wá fún wọn, àti ju gbogbo wọn lọ, ọkùnrin Mùsùlùmí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman, tí ó fi wọ́n pamọ́, tí ó sì bọ́ wọn, nígbà tí ó mọ̀ pé bí àwọn ará Jàpáànù bá mọ̀, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ òun ni yóò fi ẹ̀mí dí i. Oṣù mẹ́sàn-án ni èyí gbà. Ní oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ ogun Gúkà dé abúlé náà tí wọ́n sì gbé wọn lọ. Fadoyebo padà sí ilé ní 1945 pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò tún ní gún mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó bímọ, ó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó di àgbà, ó jókòó, ó kọ ìtàn náà.

Ìwé náà jáde ní 1999, láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Áfíríkà ti Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, David Killingray, òpìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sì ṣètò rẹ̀ fún títẹ̀. Orúkọ tí ó jẹ́ ni A Stroke of Unbelievable Luck. Bí a bá ní kí a pè é ní èdè wa, a ó pè é ní Oríire tí ó Ju Ìgbàgbọ́ Lọ. Òǹkàwé wa yóò kíyèsí i pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni ó wà láàrin ọjọ́ tí ọta bà á àti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ìwé.

Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ohun tí ó kọ́kọ́ wù wá nínú rẹ̀ ni pé kò sí ìfọ́nnu. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn àgbà ológun rí mọ̀ bí ìtàn ti í sanra bí ọdún ti ń gorí ọdún: ẹni tí ó ru àpótí ọta a di ẹni tí ó yìnbọn, ẹni tí ó yìnbọn a di ẹni tí ó dá odidi ẹgbẹ́ ogun dúró. Fadoyebo kò ṣe bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú aláìsàn ni ó lọ bí, olùtọ́jú aláìsàn ni ó wà títí ìparí ìwé. Kò sọ pé òun pa ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ó ṣe ní Bọ́mà, bí a bá yọ oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò, ni pé kí ó má kú, ó sì gbà pé èyí pàápàá kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ òun. Nítorí náà ni a fi gba ohun tí ó sọ gbọ́. Bí ó bá ń sọ ti ebi, tàbí ti ẹsẹ̀ tí kò ṣe é gbé, tàbí ti ojú tí ó ń wò láti mọ̀ bóyá ẹni tí ń bọ̀ wá ni ó gbé oúnjẹ tàbí ó mú ọ̀tá wá, kò fi ohun kankan kún un, ọ̀rọ̀ náà sì wọ ènìyàn lára.

Ohun tí ó ṣe wá ní kàyéfì, tí ó sì jẹ́ kí a padà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, ni èdè tí a fi kọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì ìjọba, tí ó mọ́, tí ó lọ́wọ̀, tí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ wà ní títì. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí ó yẹ kí àyà já, gbólóhùn a gún régé bí lẹ́tà tí a kọ sí ọ̀gá. A kò bá a wí. Iṣẹ́ tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni ó fún un ní ohùn náà, ohùn náà sì ní iyì tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè bi í pé èéṣe tí kò fi kọ ọ́ ní Yorùbá. Ta ni ì bá tẹ̀ ẹ́? Ta ni ó béèrè? Àwọn òyìnbó ni ó béèrè. Ní 1989 ni ilé rédíò BBC ké sí àwọn ológun Áfíríkà àtijọ́ pé kí wọ́n kọ ìtàn wọn ránṣẹ́, tí lẹ́tà sì dé láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ìwé tí Fadoyebo kọ náà wá ọ̀nà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà ní Imperial War Museum, ilé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ohùn àwọn ológun tiwọn jọ sórí téèpù láti 1972. Nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí, àwọn ọmọ ogun Bọ́mà ilẹ̀ wa wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn, ará wọn le, ohùn wọn ń jáde. Wọ́n ń to ìwé owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ara wọn nínú àpò kan náà pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ wọn. A mọ̀ wọ́n. A jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọdé a máa sín ìrìn wọn jẹ.

Nítorí pé àlejò ni Fadoyebo ń kọ̀wé sí, ó ṣàlàyé ohun tí àlejò kò mọ̀, ó sì fo ohun tí ará ilé ì bá fẹ́ gbọ́. Àwa fẹ́ mọ̀ sí i nípa bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ lọ sí ogun láìdágbére, tí kò sì mọ̀ fún oṣù pípẹ́ bóyá ó yè tàbí ó kú, kí ni ó sọ ní alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ náà padà dé? A fẹ́ mọ èdè tí òun àti David Kargbo fi ń sọ̀rọ̀ ní òru ju bí ìwé náà ti sọ lọ, ohun tí wọ́n jọ fi rẹ́rìn-ín, àti ohun tí wọ́n jà lé lórí, nítorí pé kò sí ènìyàn méjì tí ó lè gbé oṣù mẹ́sàn-án nínú igbó kan kí wọ́n má jà. Ẹni tí ó bá bi í ní Yorùbá, lórí ìjókòó, lẹ́yìn oúnjẹ, ì bá ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni í yọ obì lápò. Kì í ṣe ìwé ìbéèrè.

Ẹ sì wo orúkọ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lò dà bí owó tí ènìyàn rí he lójú ọ̀nà: ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní oríire ní èdè tiwa kò dá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Orí rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí orí náà rán sí i sì wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni ó ń ti oríire lẹ́yìn, kì í ṣe kòńgẹ́. Shuyiman ni ó kún inú rẹ̀. Àwa rò pé ọkàn Yorùbá ni Fadoyebo fi ro orúkọ náà, tí ó wá wọ aṣọ àjèjì fún un, ṣùgbọ́n a fi ìdájọ́ èyí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá kà á.

Barnaby Phillips, oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà rí, ni ó ka ìwé náà tí ó sì béèrè ohun tí àwọn òpìtàn kò béèrè: àwọn ará Shuyiman dà? Ó lọ bá Fadoyebo ní ilé. Ó gba lẹ́tà ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé lẹ́tà náà dé Bọ́mà, títí dé abúlé tí ó wà ní etí odò Kaladan. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá àwọn ẹbí rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láti gbọ́ ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà. Èyí ni ó wà nínú eré The Burma Boy tí ilé tẹlifíṣọ̀n Al Jazeera gbé jáde ní 2011. Fadoyebo fi ojú ara rẹ̀ rí àwòrán wọn kí ó tó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012. Phillips wá kọ ìwé ńlá lórí gbogbo rẹ̀, Another Man's War, ní 2014.

Iṣẹ́ rere ni. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìlara mú wa sọ ohun mìíràn, bí ó tilẹ̀ ń dùn wá pé a kò rí ẹnìkan láti Ọ̀wọ̀ tàbí Èkó ṣe é. Gbogbo àwọn tí ó ti lo ìwé Fadoyebo ṣáájú ń wá ohun tí yóò sọ fún wọn nípa ogun Gẹ̀ẹ́sì. Phillips nìkan ni ó gbọ́ pé gbèsè ni ọkùnrin náà ń sọ. Ó rù ú lọ́wọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó sì lọ san án. Bí a bá ní kí a fi ohun kan hàn àwọn tí ó fẹ́ máa gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, èyí ni a ó fi hàn wọ́n.

Ṣùgbọ́n a ní ẹ̀sùn kan sí orúkọ ìwé rẹ̀. Ó pe ogun náà ní ogun ẹlòmíràn. Òtítọ́ ni pé kì í ṣe àwa ni a pè é. Kò sí ẹni tí ó bi Emùré-Ilé kí Lọ́ńdọ̀nù tó bá Tókíò jà. Síbẹ̀ ìdájọ́ ẹni tí ó gbọ́ ìtàn ni èyí, kì í ṣe ti ẹni tí ó sọ ọ́. Nínú ìwé tirẹ̀, Fadoyebo kò kígbe pé a tan òun jẹ. Ọmọdé ni òun, ojú ayé ń wu òun rí, òun sì lọ. Ó ṣeé ṣe kí Phillips rí ju ọkùnrin náà lọ. Ó sì ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí ó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lónìí a máa fẹ́ gbọ́ ìráhùn lẹ́nu àgbà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ ní ìgbà ìjọba òyìnbó ti máa ń fẹ́ gbọ́ ìdúróṣinṣin sí ọba. Àgbà sì jẹ́ ọlọ́wọ̀ ènìyàn: bí ó bá ti rí ohun tí àlejò ń wá, yóò wá a fún un.

A gbọdọ̀ dárúkọ Biyi Bandele níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn àròkọ ni tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó jà ní Bọ́mà, ìtàn tí ó sì gbọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá náà ni ó di ìwé Burma Boy ní 2007. Kò sí ẹni tí yóò fi í ṣe ẹ̀rí ní kóòtù. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni a ti gbọ́ ohun tí a kò gbọ́ tó nínú ìwé Fadoyebo: bí àwọn ọmọ ogun ti ń sọ̀rọ̀ láàrin ara wọn, ìṣẹ̀fẹ̀ wọn, irọ́ tí wọ́n ń pa fún ara wọn kí ẹ̀rù má bà wọ́n. A kò lè fi ìwé ìbéèrè rí èyí gbà. Ọmọ tí ó ń gbọ́ láìbéèrè ni ó rí i gbà.

Àwa fúnra wa kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí, kò sì ní dára kí a dá ẹjọ́ ẹlòmíràn kí a fi tiwa pamọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ yìí lọ kí bàbá kan tí ó jà nínú ogun abẹ́lé tí ó wáyé ní 1967 sí 1970. A gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ. A ti ka ìwé ogun náà kí a tó lọ, a sì ní ojú ìwé mẹ́ta tí ó kún fún ìbéèrè. Bàbá gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó fún wa ní omi àti obì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó kúrò ní ilé, pé òun àti ọ̀rẹ́ òun jọ lọ ni, àti pé bàtà kan ni àwọn méjèèjì ní, bàtà ọ̀rẹ́ náà, tí wọ́n ń wọ̀ ní ìyípo kí wọ́n tó dé ibi tí ìjọba ti fún wọn ní tiwọn. Àwa wo aago. A ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti Onitsha.” Nítorí a mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun ìjọba gbìyànjú láti rékọjá odò Ọya láti Asaba sí Onitsha ní ìparí ọdún 1967, tí odò kún fún òkú, tí wọ́n kò sì mú ìlú náà títí di 1968, a fẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́ fún wa. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ó dára, ẹ̀yin ọmọ mi.” Ó sì sọ ti Onitsha fún wa, ní ẹsẹẹsẹ, bí ẹni tí ń dáhùn ní ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí a padà dé tí a sì gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ gbà, kò sí nǹkan níbẹ̀ tí a kò ti kà tẹ́lẹ̀. A sì rántí pé nígbà tí ọmọbìnrin bàbá ń sìn wá sí ọ̀nà, ó ti sọ, kì í ṣe tìbínú-tìbínú, pé, “Ẹ̀yin ará, ẹ kò jẹ́ kí Bàbá sọ ti ẹni tí ó ni bàtà.” A pinnu láti padà lọ. Òjò dé, iṣẹ́ dé, ọdún yí po. Nígbà tí a padà lọ, àìsàn ti mú ọ̀rọ̀ kúrò ní ẹnu bàbá. Ó di wá lọ́wọ́ mú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ó ti fi ayé sílẹ̀ báyìí. A ní ohùn rẹ̀ fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lórí Onitsha. Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ní ti ogun Hítílà, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún ní 1943 yóò ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún lónìí. Àwọn tí ogun abẹ́lé mú ní ìgbà èwe wọn ni ó kù, ẹni tí ó sì jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1967 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún tàbí ó ti kọjá rẹ̀. Bí ó ti rí ní Bọ́mà ni ó ń rí níhìn-ín: àwọn ọ̀gá ti kọ̀wé. Ọbásanjọ́ kọ My Command ní 1980. Alexander Madiebo, tí ó wà ní ìhà Biafra, kọ tirẹ̀ ní ọdún kan náà. Wọ́n tẹ lẹ́tà Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jáde ní 2004. Ẹni tí ó se oúnjẹ, ẹni tí ó wa mọ́tò, ẹni tí ó gbẹ́ ihò, tí ó sì sin òkú, wọ́n ṣọ̀wọ́n nínú ìwé. Oríkì pàápàá kì í sábà ràn wá lọ́wọ́ nínú èyí. Balógun ni oríkì mọ̀, kò mọ ẹni tí ó gbé apó rẹ̀.

Nítorí náà ni a ti yí ọ̀nà iṣẹ́ wa padà. Ojú ìwé ìbéèrè ti kúrò lọ́wọ́ wa ní ìjókòó àkọ́kọ́. Bàbá ni yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó bá fẹ́, bí ó bá sì fẹ́ fi gbogbo ọ̀sán sọ ti bàtà, ti bàtà ni a ó gbọ́. Ìbéèrè wa yóò wà fún ìjókòó kejì, bí ó bá gbà fún wa láti padà wá. A ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní èdè tí ó fi sọ ọ́, ìbáà ṣe Ọ̀wọ̀, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú, ìbáà ṣe Yorùbá tí ó lú mọ́ Haúsá àgọ́ ológun, kí a tó sọ pé a fẹ́ tún un ṣe. Bí ó bá dákẹ́, a ó kọ ọ́ pé ó dákẹ́. Kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ wa, a ó kà á sí i létí, ní iwájú àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé àwọn òkú tí ó dárúkọ ní ará ní ìlú, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà sọ ní ìkọ̀kọ̀ ni ó fẹ́ kí a gbọ́ ní ọjà. Ẹ̀dà ohùn kan yóò wà ní ilé rẹ̀, ọ̀kan yóò wà lọ́dọ̀ wa. A kò ní rán ẹyọ kan ṣoṣo lójú òkun bí ti Johnson.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì ni ẹgbẹ́ ní. Òǹkàwé tí ó bá ní bàbá, tàbí bàbá ńlá, tàbí aládùúgbò tí ó wọ aṣọ ológun láàrin 1967 sí 1970, tí bàbá náà sì fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí bàbá kọ́kọ́ wá àmì ẹ̀yẹ tàbí ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde. Àwa ni a ó wá bá a ní ilé, a kò sì ní wo aago.